Ẹ Yẹ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́ Nù

Mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò gùn: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé tí a ń pè ní òkú, wọn ò kú. Ohun kékeré kan ló bàjẹ́ nínú wọn, ara ìyókù sì le koko.

Ẹ jẹ́ ká mú fáànù. Ẹ tàn án, ó ń kùn, àmọ́ kò yí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ná, kí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá le, ìdọ̀tí ló dí i tàbí òróró ló gbẹ. Ẹ nù ún, ẹ kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sídìí ọ̀pá tó ń yí. Bó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fura sí kàpásítọ̀, ohun kékeré inú fáànù tó ń tọ́jú iná. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ fáànù kò lè dá gbéra, kàpásítọ̀ ló ń tì í. Bí agbára yẹn bá ti lọ sílẹ̀, mọ́tò á kàn máa kùn, á máa gbóná lójú kan. Wọ́n kọ iye agbára rẹ̀ sára rẹ̀, bíi 2.5 µF (máíkrófáràdì, ìwọ̀n agbára kàpásítọ̀). Iye yẹn gan-an ni kí ẹ rà, kí fóltéèjì rẹ̀ má sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnu wáyà rẹ̀ lásán, torí ó lè tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ fáànù.

Ti fìríìjì tí kò tutù dáadáa mọ́ tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, ẹ fà á. Bí bébà bá yọ láìjà, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni kò pa dé mọ́. Ti áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́, ibi tí wáyà ti ń tẹ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àmọ́ o, ẹ má ṣí máíkrówéèfù. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbé iná tó ju 2,000 fóltì lọ, kódà nígbà tí kò sí lára iná, ó sì ń pààyàn. Gáàsì fìríìjì náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún onímọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wà nídìí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan nínú wọn ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ara ẹ̀rọ pa, wọn kì í sì í ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2024 sọ pé ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná tí ayé kó jọ ní 2022 tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, èyí tí a mọ̀ pé wọ́n kó jọ bó ti yẹ kò sì tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Ìjọba lè yí i padà. Láti 2021, ilẹ̀ Faransé ti ní kí wọ́n máa kọ máàkì sára àwọn ẹ̀rọ kan, nínú 10, láti fi bó ṣe rọrùn tó láti tún wọn ṣe hàn. Lọ́dún yẹn kan náà, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ní kí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìfọṣọ wà fún ọdún 10 ó kéré tán lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dẹ́kun títa irú rẹ̀. Irú òfin báyìí tọ́ sí gbogbo èèyàn.

Kí òfin náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ wò ó bóyá ìdè onírin (síkúrù) ló dì í mú tàbí gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá òun ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀.