Ọjọ́ Kelòó Rèé?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ má bínú sí ohùn mi lónìí. Tí ẹ bá ń gbọ́ ohun tó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi kànìnkànìn ha ìdí ìkòkò, èmi náà ni. Ohùn mi ti há.

Òṣogbo ni mo wà, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú yàrá tí mo ti ń sùn láti kékeré. Mo fi aṣọ ìbora méjì kọ́ ara ògiri kí ohùn má baà máa dún padà, mo sì ti fèrèsé pa nítorí ọyẹ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké lẹ́yìn ilé. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn wo bọ́ọ̀lù tán, pé kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ mọ ìṣẹ́jú díẹ̀ wa.

Àwọn tó ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé Leeds ni mo ń gbé, ó ti pé ọdún 19. Mo wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ màámi ni. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ọyẹ́ yìí kò ṣeé fẹnu sọ: tí wọ́n bá nu tábìlì láàárọ̀, kí oòrùn tó kàtàrí ẹ ti lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí rẹ̀. Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e bọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì gbẹ débi pé ètè ń là. Ọ̀fun tí òjò Leeds ti kẹ́ bà jẹ́ wá kó sínú rẹ̀. Ìyà jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo fẹ́ sọ. N kì í ṣe dókítà o. Ọmọ Àlájà ni mí, ọmọ tí wọ́n fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ tọ́ dàgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo jókòó ti màámi nílé ìdáná, mo sì wo ọwọ́ wọn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n mú atalẹ̀ kan tó tó àtàǹpàkò. Wọn kì í fi ọ̀bẹ bó o. Etí ṣíbí ni wọ́n fi ń ha èèpo rẹ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀ dànù. Wọ́n sọ ọ́ sínú odó kékeré tí wọ́n fi ń gún ata gbígbẹ, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀mẹrin péré, kó ṣáà ti fọ́. Wọ́n kó o sínú ife tánganran kan tí etí rẹ̀ ti hó, wọ́n da omi híhó lé e, wọ́n fi àwo dé e. Ó di ká dúró. Màámi kì í da oyin sínú omi híhó. Ìka tó kéré jù ni wọ́n ń tì bọ inú ife. Bí ìka náà bá lè dúró níbẹ̀ láìsá, ìgbà náà ni wọ́n á fún ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á wá gbé ìgò oyin.

Ìgò oyin yẹn! Ìgò ọtí ni, ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin. Nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mu ọtí rí. Mo béèrè bó ṣe dé ibẹ̀, wọ́n ní obìnrin tó ń tà á ní Ọjà Ọba ni kí n lọ bi. Ìda oyin ṣì léfòó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ kòkòrò kan tàbí méjì sì wà níbẹ̀, ìyẹn sì ni màámi fi ń mọ̀ pé kì í ṣe ṣúgà ni wọ́n sè fún wọn. Ṣíbí méjì ni wọ́n bù.

Ohun mímu náà gbóná lọ títí dé àyà mi. Ikọ́ náà kò kú, ó kàn sùn lọ ni, bíi wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n nínú wákàtí méjì yẹn, èmi náà sùn.

Gbogbo ohun tí oyin ń ṣe nìyẹn o, kò sí awo níbẹ̀. Ó nípọn, ó ń bo ọ̀fun tó ti bó, yíyún náà á sì rọlẹ̀. Ikọ́ tí ọ̀fìnkìn bá fà, ara fúnra rẹ̀ ló ń lé e lọ, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kápúsù tí wọ́n ń já fún wa ní kẹ́míìsì kò lè pa kòkòrò ọ̀fìnkìn, kò sí ohun tó kàn án. Ní ọdún 2019, NICE, àjọ tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní England, kọ oyin sínú ìwé pé aláìsàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ fún irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ka èyí fún màámi. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Kò ha ti wà nínú Àlùkùránì pé ìwòsàn ń bẹ nínú rẹ̀?”

Ibì kan wà tí èmi àti màámi ti jà lórí oyin ṣá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, ì báà ṣe orí ìka. Èso kòkòrò àìrí kan lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ìfun àgbàlagbà máa ń borí rẹ̀, ti ìkókó kò lè borí ẹ̀, ó sì lè sọ gbogbo iṣan ara ọmọ di ọ̀lẹ títí dórí èyí tó fi ń mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fa ìjà: oyin wà lórí àtẹ tí a bá ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bí, èmi ni mo wà lórí fóònù láti Leeds tí mo ń pariwo, “Ẹ má fi kan ọmọ lẹ́nu o!” Gbogbo ilé ní òyìnbó ti gba orí mi. Àfáà ló là wá, wọ́n ní kí ìyá àti bàbá ọmọ lá a fún un, àdúrà náà ni. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ó sì ń bu oyin jẹ bí ẹni pé ó ń gbẹ̀san.

Orógbó ńkọ́? Bàbá mi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kì í rìn láìní i lápò. Ó korò, itọ́ á máa wá, ọ̀fun á tutù. Mo ṣì ń jẹ ẹ́. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà dára fún ọ̀fun tó ń dunni: ẹ gbé orí sókè, ẹ jẹ́ kó hó gbùrù-gbùrù lọ́fun, kí ẹ tu ú dànù. Ìyá bàbá mi ní tiwọn, ewé ẹfinrin ni wọ́n ń sè, omi odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sì máa ń lọ pọn fún un, nítorí pé odò tí a ń kì pé omi ló fi ń tọ́jú ọmọ ni. Ta ló máa pọn ọ́n báyìí? Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò lọ́hùn-ún ti sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀, ó pupa bí omi tí wọ́n fi fọ bíríkì. Mo lọ dúró sí etí rẹ̀ ní àná, mi ò lè pẹ́ níbẹ̀.

Èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́ sétí rárá ni ti abọ́ omi híhó tí wọ́n ń fi aṣọ bo èèyàn lé lórí. Mo ní àpá rẹ̀ lórí itan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sún díẹ̀, abọ́ dojú dé. Ikọ́ lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àpá ń bẹ.

Oògùn ikọ́ inú ìgò náà, ẹ fura. Ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de èyí tó ní codeine nínú, nítorí àwọn ọmọ tó ń mu ún bí ọtí. Ní 2022, oògùn ikọ́ tí wọ́n kó wọ Gáńbíà ni wọ́n so mọ́ ikú ọmọdé tó lé ní 60. Kẹ́míkà olóró ló wà nínú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín wọn jẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò fi sírọ́ọ̀bù kankan ránṣẹ́ sílé, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni rà á fún ọmọ láìjẹ́ pé dókítà sọ ọ́.

Ó yá, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ rèé. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.

Kàlẹ́ńdà kan máa ń wà lára ògiri ilé ìdáná wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fi asẹ́ kọ́ sí. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ nílé wa, kí màámi tó wá atalẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fa ìlà kan sórí ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ìlà kejì. Láàárọ̀, dípò kí wọ́n bi ẹ́ pé ṣé ara ń le, “Ọjọ́ kelòó rèé?” ni wọ́n á bi ẹ́. Bó bá ti ń lọ sí ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n á palẹ̀ ife mọ́. Ó di ọsibítù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ bá a wá ni, tàbí àyà ń fún un, tàbí kò lè mí délẹ̀, wọn kì í dúró ka ìlà kankan.

Bàbá kan tó ń ránṣọ níwájú ilé wa ló fà á. Àwọn ló ń rán aṣọ Iléyá fún gbogbo wa. Wọ́n wúkọ́ láti ọyẹ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Oyin, àgbo, orógbó, kò sí ohun tí àdúgbò kò gbé wá, màámi náà gbé tiwọn. Wọ́n ń gbẹ lọ, òógùn máa ń bò wọ́n lóru, téèpù tí wọ́n fi ń wọn èèyàn wá dà bí okùn tí wọ́n so kọ́ ọrùn igi. Ikọ́ ife ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní TB. Ó ní oògùn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó, ọ̀fẹ́ sì ni ní ọsibítù ìjọba. Ìgbà tí wọ́n máa gbé wọn débẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Màámi kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà.

Èmi wá lọ sí Leeds, mo gbé ife dání, mo gbàgbé kàlẹ́ńdà.

Ní ọdún kan, ikọ́ gbígbẹ kan mú mi. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí ibà, ó kàn ń yún mi lọ́fun, pàápàá lóru. Mo lo oyin, mo lo atalẹ̀, mo jẹ orógbó débi pé ìrọ̀rí mi ń rùn ún. Inú mi tilẹ̀ ń dùn, kí n má parọ́. Mo ń sọ fún àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ pé oògùn ìbílẹ̀ wa ni. Màámi pè, wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù. “Ọjọ́ kelòó rèé?” Mo ní, “Ọjọ́ kẹrin, màámi.” Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni.

Mo gbìyànjú láti rí dókítà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ìlà fóònù ilé ìwòsàn tí mo forúkọ sílẹ̀ sí máa ń ṣí, nígbà tó bá fi máa kàn mí, àyè ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo bínú, mo padà sídìí oyin mi. Apòògùn kan ló wá bi mí léèrè, lọ́jọ́ tí mo lọ ra nǹkan mìíràn pátápátá tí mo ń wúkọ́ lórí ìlà: “Oògùn wo lẹ ń lò?” Mo ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, lisinopril, kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oògùn yẹn ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń jẹ́ kí nǹkan kan tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ pọ̀ jọ sí ọ̀nà èémí, á sì máa rin èèyàn níkọ́. Ó wọ́pọ̀, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Odindi igbá oyin kò lè gbọ́ ọ. Apòògùn náà kìlọ̀ pé kí n má dá a dúró fúnra mi, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣeré, ó sì bá mi kọ ìwé sí dókítà. Wọ́n yí i padà sí losartan. Kò pé oṣù kan, ikọ́ lọ.

Tí mo bá ti sọ òótọ́ ọjọ́ fún màámi, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọn ì bá ti lé mi jáde nílé láti Òṣogbo níbí.

Nítorí náà, lónìí, ikọ́ tèmi pé ọjọ́ kẹfà. Ìlà mẹ́fà ló wà lórí kàlẹ́ńdà, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bí màámi ṣe ń gbé ife fún mi, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi etí ìborùn bo ẹnu, wọ́n wúkọ́. Mo ní, “Màámi, tiyín ńkọ́? Ọjọ́ kelòó?” Wọ́n ní ọyẹ́ ni, àná ló bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá ìyàwó àbúrò mi lẹ́yìnkùlé. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Kí ẹ tó dé ni. Ọjọ́ tí wọ́n ti oko ọ̀rẹ́ wọn dé.” A jọ kà á lórí ìka. Ọjọ́ 17.

Mo ti yẹ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Amlodipine ni, kì í ṣe irú ti ọjọ́sí. Mo mú báírò, mo fa ìlà 17 sórí kàlẹ́ńdà náà, lábẹ́ tèmi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ ba kàlẹ́ńdà mi jẹ́ ni?” Mo ní rárá, mà. Mo ní ní Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, a ó ti máa lọ sí ọsibítù, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò dáhùn. Wọ́n lọ fọ ife.

Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́ ṣá. Bóyá ẹ̀yin náà ń gbọ́ màámi, ní yàrá kejì.