Ẹ Rántí Àwọn Òǹdè

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Kíkà wa tòní ni Hébérù 13:3, tó ní ká máa rántí àwọn òǹdè bí ẹni pé a jọ wà nínú ìdè.

Simon Nkoli ló wà lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí, ọmọ Soweto ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tó kéré, bí ọlọ́pàá ìjọba apartheid, ìjọba aláwọ̀ funfun tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, bá ń wá aláwọ̀ dúdú tí kò ní ìwé àṣẹ, òun ló ń ti àwọn òbí rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ó dàgbà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkùnrin bíi tòun lòun ń fẹ́. Ìyá mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ó mú un dé ọ̀dọ̀ àlùfáà. Bí Simon ṣe wà náà ló ṣe wà.

Ní 1984 ọlọ́pàá mú un nítorí pé ó ń bá ìjọba apartheid jà. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ni wọ́n fi kan òun àti àwọn 21 mìíràn ní ìlú Delmas, ẹ̀sùn tó lè gba ẹ̀mí wọn. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kó má ba ẹjọ́ àwọn jẹ́. Áà, òǹdè ń ta òǹdè nù! Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n sì gbà á mọ́ra. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Mosiuoa Lekota, ọ̀kan nínú wọn, sọ pé nígbà tí àwọn ń ṣe òfin tuntun, báwo làwọn ṣe fẹ́ ti irú Simon sẹ́yìn, ẹni tó bá wọn ja ìjà òmìnira?

Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní 1988. Ní 1990, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn jáde ní Johannesburg láti wọ́de fún ẹ̀tọ́ irú wọn. Ẹ̀rù mú kí àwọn kan fi àpò bébà bojú. Simon kò bo tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ wọn ti 1996 dáàbò bo irú wọn. Àìsàn AIDS ló pa á ní 1998, ẹni ọdún 41.

Ìwọ òbí, ọmọ rẹ tí kò wálé mọ́ láti ọjọ́ tó ti sọ tinú rẹ̀ fún ọ, pè é lónìí. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án ní orúkọ ìtúsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún Pọ́ọ̀lù àti Sílà, dìde fún ẹni tó wà ní àtìmọ́lé láàárọ̀ yìí nítorí ẹni tó fẹ́ràn.

Bàbá, òbí tó lé ọmọ rẹ̀ jáde, fún un ní ọkàn tó lè tọrọ àforíjì.

Àwọn tí kòkòrò HIV wà lára wọn, má jẹ́ kí oògùn wọ́n wọn, má jẹ́ kí ìtìjú pa wọ́n.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.