Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Ọrun, Tí Kì Í Ṣe Ìbọn?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tílẹ̀ ti ń mọ́ bá lọ́hùn-ún, ẹ kú ojúmọ́. Èmi nìkan ni mo wà nídìí mááìkì lónìí, kò sí àlejò, kò sẹ́ni tó máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, torí náà tí mo bá ń lọ ṣáá, ẹ bá mi mú sùúrù.

Ṣẹ́ ẹ rí fọ́tò tí mo gbé sórí status, èmi àti Àkànní ọmọ mi, ká dúró nínú igbó ká gbé ọrun dání, háà, fóònù mi ò sinmi mọ́ látìgbà yẹn. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bi mí pé ṣé ẹran ti wọ́n ní Atlanta ni. Ẹnì kan ní mò ń kọ́ ọmọ ní ìkà. Màmá mi ní Ṣakí ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, wọ́n ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́! Nínú gbogbo ẹran tí Ọlọ́run dá sí Amẹ́ríkà, ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ̀ ń lé kiri?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní kí n má sọ fún ará ilé o, pé àwọn ọdẹ Ṣakí á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí bọ̀dá kan fi ránṣẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó lónìí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ mi ní ọdẹ, kí ló dé tó jẹ́ ọrun, tí kì í ṣe ìbọn? Wọ́n ní ìbọn kékeré, .22 yẹn, á já ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ láti orí igi kẹ́ ẹ tó yán tán. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, àwa tá a gbé ọrun dání, kò tiẹ̀ dìgbà tó bá dé ìrókò, tó bá ti gun ẹ̀ka kẹta igi hickory báyìí, ojú wa ti dá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo mú ọrun wọlé, súkúù ni. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní NASP, ìyẹn National Archery in the Schools Program, Kentucky ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2002, ó ti wá tàn kálẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ súkúù ní ọfà títa, láti kíláàsì kẹrin lọ sókè. Irú ọrun kan náà ni gbogbo wọn ń lò, Genesis lorúkọ ẹ̀, láti póùn 10 sí 20 lagbára téèyàn máa fi fà á, ọmọdé lè fà á, àgbà náà lè fà á. Ọmọ wá darí dé lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ máa ta ọfà. Mo ní ní súkúù? Ẹ gbọ́ o, súkúù kan náà tó jẹ́ pé tó bá gbé ìbọn oníke lọ síbẹ̀, ìbọn ìṣeré tí wọ́n ń fún omi jáde, wọ́n á pè mí kí n wá mú ọmọ mi lọ sílé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́fà. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ mo lọ wò ó, mo sì rí ìdí ẹ̀.

Fèrè ni wọ́n fi ń darí wọn. Tíṣà bá fọn ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á bọ́ sórí ìlà. Tó bá fọn ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ lọ kó ọfà yín. Tó bá wá fọn ún lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ti wà nìyẹn, ẹni tó ti fa ọrun dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀, á dá ọsán padà díẹ̀díẹ̀, á yọ ọfà kúrò, á kì í padà sínú apó. Mo dúró níbẹ̀ mò ń wò ó bí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ṣe ń ṣe é, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ọmọ mi tí mi ò lè ní kó pa tẹlifíṣọ̀n kó má bi mí pé kí ló dé!

Ọ̀rọ̀ ìbọn wá ńkọ́. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó má bínú. Lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní Cleveland, Tamir Rice, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 12, ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré nínú páàkì, mọ́tò ọlọ́pàá dé, kò tó ìṣẹ́jú kan rárá, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni, wọ́n ti yìnbọn fún un. Ọmọ mi ti pé 10. Ó ga, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti tó 13. Mi ò ní gbé ohun tó jọ ìbọn lé e lọ́wọ́ níta, ì báà jẹ́ inú igbó, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi. Mo mọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń bá ọmọ wọn lọ ìgbẹ́ ọdẹ tàwọn tìbọn, láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń ṣe é ní gúúsù níbí, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni mo ń sọ tèmi.

Ibi tá a ti ń ṣọdẹ náà, mo ní òfin tèmi lórí ẹ̀. Ilẹ̀ gọ́ọ̀mẹ́ntì nìkan ni, Oconee National Forest la sábà máa ń lọ, mi ò kì í wọ ilẹ̀ ẹlẹ́ni, kódà kí onílẹ̀ ní kí n máa bọ̀. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ahmaud Arbery lọ́dún 2020, ní Georgia wa níbí, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 25 tó ń sáré ìdárayá jẹ́jẹ́ ẹ̀ ládùúgbò, táwọn aláwọ̀ funfun lé, tí wọ́n yìnbọn pa, ẹ má dá mi lẹ́bi. Aṣọ ọ́réńjì tó ń tàn yẹn wà lọ́rùn èmi àtọmọ mi, bóyá òfin ní ká wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn o, bóyá kò ní ká wọ̀ ọ́. Láísẹ́ǹsì mi wà nínú àpò àyà. Àkànní ò nílò ẹ̀, ẹni tí kò tíì pé 16 ò nílò láísẹ́ǹsì ní Georgia, àmọ́ ẹni tí kò tíì pé 12, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ni. Èmi sì ti ṣe kọ́ọ̀sì ọdẹ wọn, torí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti 1961 síwájú gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó lè gba láísẹ́ǹsì. Ohun kan tún wà tó máa ń jẹ́ kí n nà ró tí mo bá wà nínú igbó yẹn: òfin kan wà láti 1937, wọ́n ń gba owó orí lórí ìbọn àti ọta, nígbà tó di 1972 wọ́n fi ọrun àti ọfà kún un, ìdá 11 nínú 100 lórí ọrun, owó yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́ àti ilẹ̀ ọdẹ. Torí náà tẹ́nì kan bá wò mí bíi pé kí lèyí wá ṣe níbí, mo mọ̀ nínú ara mi pé owó tèmi náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ títí di ìparí oṣù kejì ni wọ́n gbà ká pa ọ̀kẹ́rẹ́, 12 lójúmọ́ fẹ́nì kan. Méjìlá kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká rí ẹyọ kan ná.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ó wá igi hickory tàbí oak tí èérún èso ti ń já bọ́ lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó fẹ̀yìn ti igi míì, ẹ ó jókòó, ẹ ó dákẹ́. Ọmọdé ò lè dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀, mo gbà á láyè kó jẹ bisikí àmọ́ kó má fi ọ̀rá ẹ̀ pariwo. Tó bá yá, gbogbo igbó á gbàgbé yín, ẹ ó gbọ́ èérún tó ń rọ̀ sórí ewé gbígbẹ, pọ́, pọ́, ẹ ó mọ̀ pé ó ń jẹun lókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá ti rí yín á yí sẹ́yìn igi, tẹ́ ẹ bá yí tẹ̀ lé e, á tún yí. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè rí i ta. Ibẹ̀ ni ọmọ ti wúlò, torí ẹni méjì ni wọ́n fi ń ṣe é: ẹnì kan á dúró láìmira pẹ̀lú ọfà lórí ọsán, ẹnì kejì á rọra rìn yí igi náà ká, á máa tẹ ewé, ọ̀kẹ́rẹ́ á máa sá fẹ́ni tó ń rìn, á wá yí bọ́ síwájú ẹni tó dúró. A máa ń gbà á ṣe fún ara wa ni. Òkè là ń ta sí, ọfà tá a sì ń lò, ìyẹ́ ẹ̀ tóbi ju tàwọn yòókù lọ, flu-flu ni wọ́n ń pè é, á yára lọ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ yẹn á wá dá a dúró kó má baà fò lọ síbi tá ò ní rí i mọ́. Ọrun Àkànní ò lágbára púpọ̀, torí náà tó bá ti ju yáàdì mẹ́wàá lọ, kò gbọdọ̀ ta, kó má lọ ṣe ẹran léṣe lásán.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejìlá, èmi ni mo ń rìn yíká, òun ló dúró. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ò wá gòkè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀, orí ẹ̀ ń wolẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi níbi tó kéré sí ìdúró èèyàn, ó dúró gbọnin, ó ń ju ìrù. Mo ń wo ọmọ mi láti ọ̀kánkán. Ó ti fa ọrun, ọwọ́ ẹ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ṣe ń dì í mú mo rí i tí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ látìgbà tá a ti ń lọ nìyẹn. Ó wá dá ọsán padà. Díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kì ọfà padà sínú apó, ọ̀kẹ́rẹ́ sì bá tiẹ̀ lọ. Mo sáré lọ bá a, mo ní, "Àkànní ọkọ mi, kí ló dé, o rí i dáadáa ṣá?" Ó ní òun rí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ẹ̀."

Kò sunkún, kò ṣe bí ẹni ṣe nǹkan ribiribi, ó kàn bi mí bóyá bisikí kù.

Mo wá ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́, ará Cuba ni, ọlọ́rìṣà ni, èmi onígbàgbọ́, a jọ máa ń rẹ́rìn-ín sọ́rọ̀ ara wa. Mo sọ ọ́ fún un, ó gbé ife kọfí ẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ìtàn Ochosi, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì wa tí wọ́n fi ọrun àti ọfà ṣe àmì ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní mo mọ̀ pé ọdẹ ni. Ó ní Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mú ẹyẹ kan tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kó wá mú, ó fi í sílé, ìyá ẹ̀ wá kí i, kò bá a, ó rí ẹyẹ, kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀ fẹ́nì kan, ó bá mú un lọ. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì dé, kò bá ẹyẹ, inú bí i, ó fa ọrun, ó ta ọfà sójú ọ̀run, ó ní kí ọfà náà lọ wọ ọkàn ẹni tó jalè. Ọfà rèé, ó lọ jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn nílé rí, bóyá wọ́n ń sọ ọ́ níbòmíì, bóyá ọ̀dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè jẹun ọ̀sán mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ kí bọ̀dá yẹn gbọ́ nìyẹn. Ó gba kéèyàn di ọrun mú. Gbogbo àkókò tọ́wọ́ fi wà lẹ́rẹ̀kẹ́, agbára ẹ lò ń ná, iṣan ẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kó o jọ̀wọ́ ẹ̀, síbẹ̀ o lè yí ọkàn padà. Dídá a padà ṣòro ju títa lọ, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ta ọfà. Ìyẹn ni mo ń sanwó epo mọ́tò lọ sí Oconee fún, ẹran tá a bá pa, èènì ni.

Èènì tó dùn ṣá o. Ẹ ó ya abẹ́ ìrù ẹ̀, ẹ ó gé eegun ìrù láìgé awọ ẹ̀yìn, ẹ ó fẹsẹ̀ tẹ ìrù mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú kẹ́ ẹ fà á sókè, awọ á bọ́ bí ẹ̀wù. Màmá mi rí i lórí fídíò, wọ́n figbe ta, "Ẹ̀ ń sọ awọ nù! Ẹ ò wi í?" Tó bá jẹ́ ehoro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kẹ́ ẹ tó là á, torí àrùn tularemia tó lè ti ara ẹ̀ ran èèyàn, kẹ́ ẹ sì sè é jinná dáadáa. Ìrù ọ̀kẹ́rẹ́, Àkànní ń fi iyọ̀ sí i pa mọ́, ó ní ilé iṣẹ́ Mepps ní Wisconsin ń rà á, wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀ ẹja. Mo ní kó tó kó èyí tó máa tó tà, èmi á ti darúgbó. Ẹran ẹ̀ le díẹ̀, pírẹ́ṣà ni mo máa ń kó o sí, ata rodo, àlùbọ́sà, irú wóró díẹ̀, ká fi jẹ ìrẹsì. Àwọn ará ibí náà ní ọbẹ̀ tiwọn, Brunswick stew ni wọ́n ń pè é, Georgia ní ti àwọn ni, Virginia ní ti àwọn ni, wọ́n sì ń jà sí i títí dòní. Ìtàn ti Virginia ni mo fara mọ́, wọ́n ní lọ́dún 1828 aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ẹrú, Jimmy Matthews, ló se é fún àwọn ọdẹ tó lọ sígbó, ọ̀kẹ́rẹ́ ló sì fi sè é. Ọbẹ̀ wa ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà.

Àkànní ti wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà míì báyìí, ó ní ọrun súkúù ò tó òun mọ́, òun fẹ́ recurve, ọrun tí orí ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú yẹn, ti póùn 30, ti èmi jẹ́ 35. Mo ní mo gbọ́, a jọ máa lọ ṣọ́ọ̀bù, á fà á lójú mi, á dì í mú, á sì dá a padà láìsí ọfà lórí ẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá gbọ̀n, màá sanwó. Látìgbà yẹn ló ti so rọ́bà mọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ń fà á láàárọ̀, ó ń fà á lálẹ́, kò sẹ́ni tó lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láìtọrọ gáfárà. Ẹ jẹ́ n lọ wo ohun tó ń pariwo yẹn. Ó dìgbà kan ná.