A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Bá A Ṣe Lè Kọ́ Ayàwòrán-ilé Láti Ya Ilé Tó Gba Gbogbo Ènìyàn

Ẹ wo ilé yìí dáadáa. Ilé ìkàwé Hunters Point ni, ní Queens, ní ìlú New York. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i, owó tó sì bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là. Odò wà níwájú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ bí ògiri. Ó rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Inú ilé wá rèé: àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì to pẹpẹ ìwé ìtàn-àròsọ sí ìpele mẹ́ta láàárín wọn. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò dúró ní ìpele mẹ́ta yẹn. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè débẹ̀.

Kí ni àwọn aláṣẹ sọ? Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìwé níbẹ̀ sọ fún òṣìṣẹ́, wọ́n á bá a mú un wá. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́ lọ́dún yẹn náà, wọ́n sì padà kó àwọn ìwé náà lọ síbòmíì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "a máa bá a mú un wá" yẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni lójú ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ilé ìkàwé kì í sábà mọ ìwé tó ń wá. Á rìn lọ, á rìn bọ̀, á fa ọ̀kan yọ, á ka ojú ìwé kìíní, á dá a padà, ìwé tí kò wá wá ló sì máa gbé lọ sílé. Ta ló fẹ́ báni ṣe ìyẹn? Àwọn tó ya ilé yẹn kì í ṣe aláìmọ̀. Láti ọdún 1990 ni òfin ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ti wà ní Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, wọ́n rántí pé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé. Wọ́n gbàgbé pé òun náà lè fẹ́ máa wo ìwé kiri.

Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ìṣirò kò le. Ìlànà Amẹ́ríkà ní bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju ilẹ̀ lọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Àyè ẹnu ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ dín ní ínǹṣì 32. Kẹ̀kẹ́ arọ fẹ́ àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 kó tó lè yí po. Akẹ́kọ̀ọ́ á há gbogbo rẹ̀ sórí kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wá wo àwòrán yìí, irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àtẹ̀gùn ńlá wà níwájú ilé. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí. Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré. Olùkọ́ tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n á fún un ní máàkì. Èmi ò ní fún un. Màá bi í pé: àwọn ọ̀rẹ́ méjì jọ ń bọ̀, ọ̀kan ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kan wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ. Níbo ni ilé tí o yà yìí ti máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu?

Àwọn olùkọ́ kan ti rí i pé inú ọkàn ni iṣẹ́ wà. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n á fi aṣọ di akẹ́kọ̀ọ́ lójú, tàbí kí wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ arọ fún wákàtí kan, kó lè mọ bó ṣe ń rí. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017 fi hàn pé ìdààmú, ìtìjú àti àìlólùrànlọ́wọ́ ló ń gba ọkàn àwọn tó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Àánú wọn pọ̀ sí i, àmọ́ èrò wọn nípa bíbá àwọn akàndá ẹ̀dá da nǹkan pọ̀ kò sunwọ̀n sí i. Kò yà mí lẹ́nu. Wákàtí àkọ́kọ́ nínú òkùnkùn nìkan ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di lójú ń kọ́. Afọ́jú tó ti ń fi ọ̀pá rìn láti ogún ọdún mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lára ògiri, ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ yí padà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á bọ́ aṣọ kúrò lójú, á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i," àdúrà yẹn náà ló sì máa bá a dé ìdí tábìlì tó ti ń yàwòrán. (Bó bá jẹ́ pé a mú kẹ̀kẹ́ wá láti fi dán ọ̀nà gẹ̀rẹ́ wò, ìyẹn dáa. Ilé là ń dán wò níbẹ̀.)

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní nǹkan bí ọdún 1980, olùkọ́ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, Raymond Lifchez, pe àwọn tó ní ìpèníjà ara wá sí kíláàsì ìyàwòrán ilé. Agbani-nímọ̀ràn ni wọ́n níbẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì ń sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Ẹ wo ohun tó máa ń jáde bí olórí bá wà nílé. Gallaudet ni yunifásítì àwọn adití ní Washington. Láti ọdún 2005 ni ayàwòrán-ilé Hansel Bauman àti àwọn adití fúnra wọn ti ń kó ìlànà ilé jọ níbẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa wo ara wọn bí wọ́n ṣe ń rìn, nítorí náà ọ̀nà inú ilé ní láti fẹ̀. Bí igun ògiri bá mú, wọ́n lè kọlu ẹni tó ń bọ̀, torí wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sàn kí igun náà tẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Àwọ̀ ògiri pàápàá wà níbẹ̀: búlúù tàbí àwọ̀ ewé ń jẹ́ kí ọwọ́ hàn kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ èyí kì í ráyè káàánú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni yóò máa bi wọ́n.

Àwọn míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn gan-an ni pẹ́ńsù wà. Ronald Mace, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tó sọ yíya ilé tó gba gbogbo ènìyàn ní universal design, kò ju ọmọ ọdún 9 lọ nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ilé. Mélòó nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ yìí lónìí ni Mace lè wọ kíláàsì wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbé e gun àtẹ̀gùn?

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ní kí wọ́n kọ́ àwọn tọ́rọ̀ kàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí ilé ṣe lè gba gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara tó lágbára. Kò wá yẹ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú sáà ni wọ́n á fi pè wọ́n wá kíláàsì. Tí wọ́n bá dé lẹ́yìn tí àwòrán ti gbẹ, kí ni wọ́n fẹ́ yí padà? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n dé, kí wọ́n sì gba iye owó tí ilé ẹ̀kọ́ ń san fún ẹnjiníà tó bá wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ara ògiri, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wò, kí ìwé máàkì tiwọn náà wà lọ́wọ́ wọn.