Òfin Àtijọ́ Gan-an Kò Gbà Á: Bí A Ṣe Ń Mọ Fadá Tó Fẹ́ Jẹgàba Lé Wa Lórí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìjókòó. Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ Ìjọ Àgùdà sì ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, wúyẹ́wúyẹ́ la máa ń sọ ọ́ nínú ilé. A kì í gbé e síta, torí pé Fadá ló kàn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin kan ń tajà ní Ọjà Ọba. Ariwo inú ìsìn ti sú u. Ẹnì kan júwe ilé kan fún un níbi tí Fadá kan ti ń ṣe Mísà lédè Látìn, bí wọ́n ti ń ṣe é kó tó di àwọn ọdún 1960. Ó débẹ̀, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, tùràrí ń rú, Fadá dojú kọ pẹpẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́fà, Fadá yẹn ló ń sọ ẹni tó lè bá ṣọ̀rẹ́ fún un. Nígbà tó pé ọdún kan, kò lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Oǹdó, torí wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kó fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò ti ń ṣe Mísà lédè Látìn.

Èmi ò bá Látìn jà o. Látìn ni àwọn ìyá wa àgbà fi ń dáhùn Mísà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ràn ìsìn yẹn kò ṣẹ̀. Àwọn àlùfáà tó ń ṣe é kò sì rí bákan náà. Ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tó ń jẹ́ Saint Peter, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà lábẹ́ Póòpù pátápátá. Ẹgbẹ́ Saint Pius X, tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Marcel Lefebvre dá sílẹ̀ ní 1970, ní aáwọ̀ pẹ̀lú Róòmù, pàápàá láti 1988 tí Lefebvre fi bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin jẹ láìgba àṣẹ Póòpù. Síbẹ̀, ní 2015, Póòpù Francis fún àwọn àlùfáà wọn láyè láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọn kò lọ́gàá kankan, tí kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n jókòó. Àwọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ Fadá yòówù tó bá gbé ìjọ kalẹ̀ sínú ilé àdáni pé: "Fadá, ta ni ọ̀gá yín?" Ìbéèrè tó yẹ ni. Ẹni tó bá ní ọ̀gá yóò dárúkọ rẹ̀ láìbínú.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù ni ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí ibẹ̀ ni okùn wà. Fadá tó fẹ́ jẹgàba kì í kọ́kọ́ lo agídí. Ohun tó máa sọ ni pé: "Èmi nìkan ni kó o máa jẹ́wọ́ fún. Àwọn yòókù máa ba ọkàn rẹ jẹ́." Ó dùn létí, ó jọ ọ̀rọ̀ bàbá. Kò ní pẹ́ tó fi máa mọ ìjà ọkọ àti aya, tó máa mọ gbèsè, tó máa mọ ọmọ tí kì í sùnlé. Yóò wá máa bèèrè ohun tí kò kan ẹ̀ṣẹ̀ rẹ: orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣẹ̀, iye tí ọkọ rẹ ń gbà lóṣù, ohun tí ìyàwó lágbájá ń sọ nípa òun. Tó bá di Sunday, ìwọ ni ìwàásù ń bá wí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó máa ní òfin àtijọ́ lòun ń pa mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣí òfin àtijọ́ náà wò. Ìwé òfin Ìjọ tó jáde ní 1917 nìyẹn, èyí tí wọ́n ń lò kí ti 1983 tó rọ́pò rẹ̀. Òfin 905 ní onígbàgbọ́ lè jẹ́wọ́ fún àlùfáà tó bá wù ú, tó bá ṣáà ti láṣẹ, kódà bí ìlànà ìsìn rẹ̀ yàtọ̀. Òfin 888 kìlọ̀ pé kí àlùfáà má ṣe bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀ rárá. Póòpù Benedict XIV ti dá àṣà yẹn lẹ́bi láti 1745. Òfin 890 ní kò gbọdọ̀ fi ohun tó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ ṣe onítọ̀hún ní jàǹbá. Òfin 971 ní èèwọ̀ ni kí wọ́n fi tipátipá sọ ẹnikẹ́ni di àlùfáà, nítorí náà Fadá tó ń fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù ba ọmọ ọdún 15 kó lè lọ sí sẹ́mínárì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ti rú òfin tó ní òun fẹ́ràn. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ti 1983, lábẹ́ òfin 991, 979, 984 àti 1026.

Irú Fadá báyìí wà níbi Mísà Yorùbá náà. Àmọ́ ẹni tó bá bínú kúrò níbẹ̀ lè bọ́ sí páríìsì kejì. Níbi tí mo ń sọ yìí, wọ́n ti sọ fún un pé májèlé ni gbogbo páríìsì yòókù, Fadá kan ṣoṣo yìí ló kù láàárín òun àti ọ̀run. Ta ló máa gbójú kúrò níbẹ̀? Àwa náà tún ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ń kúnlẹ̀ kí Fadá tí ò ju ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ rere ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ń kúnlẹ̀ fún lójoojúmọ́ lè gbàgbé pé ìránṣẹ́ ni òun.

Tó o bá ń ṣiyèméjì, sọ pé o ò lè ṣe ohun kékeré kan tó ní kó o ṣe. "Fadá, mi ò ní lè wá ní Saturday, ọmọ mi ní ìdánwò." Lẹ́yìn náà, máa wò ó. Fadá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbéraga ló pè é, tàbí ó ní èṣù ló wọ inú rẹ, tí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ sì ṣíwọ́ kíkí ẹ, o ti rí ìdáhùn.

Kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sílẹ̀. Lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà mìíràn, ní Kàtídírà Sacred Heart ní Àkúrẹ́ tàbí ibòmíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ àlùfáà dáyósìsì, ìyẹn àgbègbè tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, kọ̀wé sí ọ̀gá ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Bó bá fọwọ́ kan ọmọdé lọ́nà àìtọ́, tàbí ó fi ipò rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀, gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ náà, kó o tún kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù: òfin tí Póòpù Francis gbé jáde ní 2019, tó sì di ti ìgbà gbogbo ní 2023, ní kí gbogbo dáyósìsì ní ibi tí a ti lè fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fi ìbòrí tó ń fi lọ síbi Mísà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì bú Fadá rẹ̀ níwájú rẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pè é lórí fóònù. Bẹ́ ẹ bá ń kómọ, ẹ ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá wá, ẹ bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ gbé e lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.