Ta Ló So Àgùntàn Mọ́ Ajá?

Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọmọ tó fẹ́ kó ẹgbẹ́ burúkú la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òṣì àti àyíká, ohun tó ń jà gùdù lọ́kàn mi ni pé a kì í bèèrè ẹni tó so àgùntàn náà mọ́ ajá. Ọmọ ọdún méjì kì í yan àdúgbò. Kì í yan omi tí yóò mu, kì í sì í yan ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Bí òṣì bá ti wà nínú ẹbí kan dé ìran kẹta, orí la máa ń dá lẹ́bi. A ó ní, "Bí wọ́n ṣe yàn án nìyẹn." Mi ò fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Láàárín ọdún 1986 sí 1987, àwọn olùwádìí tí Sally Grantham-McGregor ṣáájú fún wọ inú àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà. Wọ́n kó ọmọ 129 jọ, àwọn tí wọ́n wà láàárín oṣù 9 sí oṣù 24. Àìjẹunrekánú kò jẹ́ kí ìkankan nínú wọn ga tó ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń gba oúnjẹ oníwàrà kílò kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń gba àlejò: òṣìṣẹ́ ìlera kan láti àdúgbò ń wá sílé wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì gbáko. Àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù kò gba ọ̀kankan.

Kí ni àlejò yìí ń bá wá? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí. Kò gbé owó dání. Á jókòó ti ìyá ọmọ, á fi bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ṣeré hàn án: kó máa dárúkọ ohun tó wà nínú ilé fún un, kó máa kọrin, kó máa yìn ín bó bá gbìyànjú. Ohun àlòkù inú ilé ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan ìṣeré. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá àwọn ọmọ náà kiri, wọ́n rí 105. Wọ́n ti tó ẹni ọdún 22. Owó tó ń wọlé fún àwọn tí wọ́n bá ṣeré fi ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn tí a kò bá ṣeré lọ. Wọ́n ti lé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí àìjẹunrekánú kò sọ di kúkúrú lọ́mọdé bá. Oúnjẹ oníwàrà nìkan kò so irú èso bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ká fi ebi pa ọmọ o! Ohun tí mò ń bi yín ni pé, bó bá jẹ́ pé àkúnlẹ̀yàn ni, ṣé wákàtí kan lọ́sẹ̀ á tún un yàn?

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1994, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Moving to Opportunity ní Baltimore, Boston, Chicago, Los Angeles àti New York. Nǹkan bí ìdílé 4,600 ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún. Àwọn tó bá jẹ ń gba ìrànwọ́ owó ilé láti kó lọ sí àdúgbò tí òṣì kò ti pọ̀. Nígbà tí Raj Chetty, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbájáde ètò náà wò lọ́dún 2015, àwọn ọmọ tó kó lọ kí wọ́n tó pé ọdún 13 ń gba owó tó fi ìdá 31 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn tí gègé kò mú. Àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ kò rí èrè kankan.

Ẹ wá wo yàrá kan nínú ilé face-me-I-face-you níbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ti gbé igbá lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́dún mẹ́jọ ló ń tọ́jú àbúrò. Alẹ́ ni ìyá ń dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ìgbà wo ni yóò ráyè dárúkọ ṣíbí àti àwo fún ọmọ? Ìfẹ́ kọ́ ni kò sí. Òṣì a máa jẹ àyè kó tó jẹ oúnjẹ. Ọmọ yìí yóò dé iléèwé láìní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, olùkọ́ tí èrò kún kíláàsì rẹ̀ yóò pè é ní olódo, òun náà yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjà kíkiri ló kàn. Láìpẹ́, òun náà á di ìyá tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìyá máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì á dá orin ọmú, wọ́n á gbè é. Orin ti wà níbẹ̀, ìyá wà, ọmọ wà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Kingston yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì méjì. Inú wọn dùn sí i. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé ta ni yóò máa san owó ọkọ̀ ẹni tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti káńsù, ìbéèrè wọn rèé, ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún.