Bí a ṣe ń gé onígun mẹ́ta di onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mú páálí, rúlà, bírò, sẹlotéèpù àti àlùmọ́gàjí. Onígun mẹ́ta la fẹ́ gé, ká tún un tò di onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ní báyìí ná, sísún nìkan la gbà: ẹ má yí páálí rárá.

Ẹ fa ìdí rẹ̀, 16 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọn 6 láti ọwọ́ òsì, kí ẹ gòkè 8 níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣóńṣó wà. Ẹ gé e jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà láti àárín ẹ̀gbẹ́ òsì dé àárín ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, 8 ló máa jẹ́. Ẹ gé orí kúrò lára ìdí.

Ẹ sún orí yìí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ní gbà, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ẹ wo àwọn etí tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Èyí tí páálí wà lókè rẹ̀, ẹ rò ó mọ́ ọn. Èyí tí páálí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Onígun mẹ́ta wa jẹ́ 16, kò sóhun tá a máa yọ. Onígun mẹ́rin 8 sí 8 ńkọ́? 8 yọ 8, òdo ni. Gbogbo ibi tí àlùmọ́gàjí bá gbà ló ń bí etí méjì tó gùn bákan náà, tí wọ́n kẹ̀yìn síra, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Sísún ò lè yí ìyẹn padà. Kódà bí ẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, 16 yẹn ò ní kúrò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba yíyí láyè. Ẹ dá orí padà sáyè rẹ̀, ẹ fi bírò tẹ igun rẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí ẹ yí i títí ṣóńṣó á fi kan igun ìdí lápá ọ̀tún. Ẹ tún etí kà: 16, yọ 8, yọ 8. Òdo! Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Èyí tó kù ò le. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Láti igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ fa ìlà òòró lọ sókè, ẹ gé èyí tó yọ síta, kí ẹ sún un lọ sápá òsì. Ó di 16 sí 4. Ẹ là á sí méjì ọgbọọgba, ẹ sún ọ̀kan lé èkejì lórí: 8 sí 8.

Ní 1951, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Hadwiger àti Glur, fi hàn pé gígé, sísún àti irú yíyí kodò yìí tó láti sọ àwòrán onígun púpọ̀ èyíkéyìí di òmíràn, bí ìwọ̀n ojú wọn bá ti dọ́gba.

Ẹ wá fa onígun mẹ́fà tí ẹ̀gbẹ́ àti igun rẹ̀ dọ́gba. Gbogbo etí rẹ̀ ló ní ẹnìkejì tó kọjú sí i, nítorí náà sísún nìkan á sọ ọ́ di onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.